Ìbéèrè Kẹrin

Èmi ni mo tẹ ìwé náà, ní ọ́fíìsì wa l'Épè,
níbi tí fèrèsé kan ti kọjú sí ọ̀sà, tí èkejì kọjú sí ògiri.
Akọ̀wé ìgbìmọ̀ agbẹ́jọ́ owó orí ni mí, ọdún kọkànlá rèé.
Mo ti tẹ orúkọ onílé, mo ti tẹ orúkọ ajigbèsè,
n kò tíì tẹ ohun tó wúwo tó ìlà méjì yẹn rí.

Agbẹ́kọ̀ ni Rábíù Ọ̀ṣíyẹmí, létí omi lẹ́yìn Ọjà Olúwo.
Eruku igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀ títí dé iwájú wa.
Wọ́n ní ó jẹ owó orí ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún.
Ó ní méje lòun gbẹ́ parí, igi ṣì ni àwọn yòókù.
Wọ́n ti àgádágodo mọ́ ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní òfin sọ pé
kó san ìdajì ná, kó tó lanu rojọ́.

Ló bá bèèrè, kò gbóhùn sókè:
"Òfin tó ní kí n ra ẹnu ara mi kí n tó fi sọ̀rọ̀,
ṣé ó bá ìwé òfin tó bí gbogbo òfin mu?"

Alága wo àjà. Alága wò mí.
"Baba, òfin yẹn gan-an ló bí wa,
òun ló ń bọ́ wa, òun ló ra àga tí mo jókòó lé.
Ọmọ wo ló ń bi ìyá rẹ̀ léèrè
bóyá wọ́n san owó orí rẹ̀?"
Ẹ̀rín pa wá. Kò pa Rábíù.

Wọ́n ní kí n tẹ ìbéèrè tí a ó fi ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀tù gíga.
Ìkíní: ọkọ̀ tí a kò tíì kùn lọ́dà, ṣé ó ń jẹ́ ọkọ̀?
Ìkejì: ọdún wo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?
Ìkẹta: ta ni yóò kà á?
Ìkẹrin ni ti ẹnu.
Bírò pupa gba àárín rẹ̀ kọjá, ìlà kan ṣoṣo,
ó tọ́ bí okùn tí agbẹ́kọ̀ fi ń wọn pákó.

Mo gbé fáìlì lé itan, ó di Ìkòròdú.
Ní Ìtòìkín òjò dá wa dúró, mo sì ń rò ó:
iṣẹ́ tí a rán ni là ń jẹ́,
èyí tí a kò rán ńkọ́, ta ni yóò jẹ́ ẹ?

Lọ́yà rẹ̀, ọmọdébìnrin kan, Adéyọsọ́lá, dìde,
ó fẹ́ jí ìkẹrin dìde.
Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Ìbéèrè gidi ni. Bóyá ó tilẹ̀ ju àwọn mẹ́ta yìí lọ.
Ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹrù tí wọ́n gbé wá."
"Olúwa mi, ó bi wọ́n."
"Ó bi wọ́n. Àwọn kò bi mí."
"Wọ́n láwọn kò lágbára láti dáhùn."
"Èmi náà kò láàyè láti gbọ́ ọ, kì í ṣe lórí ìwé yìí.
Kó lọ pe ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé."

Rábíù dìde lẹ́yìn:
"Èló ni ti ẹnu ọ̀nà iwájú?"
Wọ́n ní kó jókòó.

Adájọ́ dáhùn mẹ́ta. Ọkọ̀ tí kò kan ọ̀dà kì í ṣe ọkọ̀.
Ó jàre lórí mẹ́sàn-án, ó sanwó méje,
wọ́n ṣí ìsọ̀ rẹ̀, àgádágodo ti dípẹtà.
Ìwé àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi,
n kò ya á, n kò sì mọ ẹni tí mo pa á mọ́ fún.

Jímọ́ọ̀ tó kọjá mo yà kí i létí omi.
Ó nawọ́ sí ọkọ̀ funfun kan, igi lásán,
ọmọ rẹ̀ ń da àwọ̀n sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹja ń jà.
"Eléyìí, n kò ní kùn ún láé," ló wí,
ó sì bọ́ sómi lọ gbá ìdí rẹ̀ mú.